Èèpo Ẹyin, Egungun àti Oúnjẹ Adìẹ: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè láti Bàríga: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ léyà (àwọn tí à ń sìn fún ẹyin) 200 ni mo ń sìn. Èèpo ẹyin wọn ti ń fẹ́lẹ́, ó ń fọ́ kí n tó kó o dé ọjà. Àwọn tó ń din ẹyin ládùúgbò máa ń fún mi ní èèpo ẹyin. Ṣé kí n lọ̀ ọ́ fún wọn? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ lò ó, ó dáa gan-an. Ẹfun ni èèpo ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀: nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bíi 37 jẹ́ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le. Ẹyin kan ṣoṣo ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù lára adìẹ. Òru ni èèpo ń dì jù. Bí adìẹ kò bá rí i nínú iwe rẹ̀ lóru, egungun ara rẹ̀ ló máa yá lò.

Ẹ má fún wọn ní tútù. Omi ẹyin tó kù nínú èèpo máa ń rà, kòkòrò Salmonella sì lè wà níbẹ̀. Ẹ ṣan án, kí ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sá a sórí tapólì títí yóò fi máa dún kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ yín. Lákòókò òjò, tí oòrùn kì í sábà ràn, ẹ yan án gbẹ nínú agbada lórí iná tó rọra ń jó.

Odó dáa ju ẹ̀rọ lọ, torí a kò fẹ́ kó di ìyẹ̀fun. Ẹ gún un kó rí bí ìrẹsì tó fọ́. Èyí tó kúnná á tètè kọjá lára. Èyí tó le díẹ̀ á dúró nínú iwe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sílẹ̀ ní ìlàjì tó ṣì rí bí ẹyin, kí wọ́n má baà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣá ẹyin tiwọn jẹ. Ìwà yẹn kì í tán bọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ léyà inú àpò lẹ ń rà, kálísíọ̀mù ti wà nínú rẹ̀, ẹ má po èèpo mọ́ ọn. Ẹ gbé èèpo sínú ọpọ́n ọ̀tọ̀ ní bíi aago 4 ìrọ̀lẹ́, gíráàmù 4 fún adìẹ kan. Fún 200, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 800, bí èèpo kíréètì 5. Èyí tó nílò rẹ̀ á jẹ, èyí tí kò nílò rẹ̀ á fi sílẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń po oúnjẹ, kílò 8 èèpo àti kílò 2.5 egungun lílọ̀ tó fún kílò 100.

Ẹ wo premix yín náà, ìyẹn àdàpọ̀ fítámìn àti èròjà tí à ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ. Bí fítámìn D3 kò bá sí níbẹ̀, kálísíọ̀mù á kàn bá ìgbẹ́ jáde ni. Ooru tó ń mú wọn mí hẹlẹhẹlẹ náà ń sọ èèpo di fẹ́lẹ́. Bí ẹyin bá sì ń wọ́, tí adìẹ ń húkọ́, tí ẹyin ń dín kù, ẹ pe dókítà ẹran. Èèpo ẹyin kò lè wo ìyẹn.

Ìbéèrè láti Mushin: Ṣé mo lè fún àwọn adìẹ mi tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 ní èèpo ẹyin?

Ìdáhùn: Rárá. Bíi kálísíọ̀mù 1 nínú 100 oúnjẹ ló tó wọn. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ dúró títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ìbéèrè láti Oyíńgbo: Oúnjẹ àríyá tó ṣẹ́kù ńkọ́, pẹ̀lú egungun inú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ mú egungun, kí ẹ fi ìrẹsì àti ọbẹ̀ sílẹ̀. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ á mú wọn mu omi jù, ìgbẹ́ wọn á ṣàn. Ohun tó bá sì ti bu, kódà bí ẹ bá tún un sè, májèlé rẹ̀ kò lọ. Ẹ se egungun títí ẹran ara rẹ̀ á fi bọ́, ẹ sá a, kí ẹ sun ún títí á fi funfun dé inú. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò: bí àárín rẹ̀ bá ṣì dúdú, ẹ dá a padà sínú iná. Ẹ gún un, kí ẹ sì má kọjá kílò 2.5 nínú kílò 100, torí fosfọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀, bó bá pọ̀ jù, á tún sọ èèpo ẹyin di fẹ́lẹ́.