Èsì: Bí ẹ ṣe máa dágbére fún ẹni tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ara ẹni tí ẹ ti ń gbà nímọ̀ràn láti oṣù mẹ́jọ ti yá, àmọ́ ẹnu yín ò gbà á láti sọ pé ó tó.

Ẹ má jẹ́ kó bá a lójijì. Ẹ sọ ọ́ báyìí pé ìjókòó mẹ́rin ló kù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn náà oṣù kan. Kó má yà yín lẹ́nu bí ìṣòro àtijọ́ bá tún yọjú, tàbí bí kò bá wá mọ́. Ìdágbére máa ń jí ọgbẹ́ àwọn tó ti lọ láìdágbére. Ẹ bá a sọ ọ́.

Obìnrin aládìrẹ kan láti Ìtokú, l'Abẹ́òkúta, tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dágbére. Lọ́jọ́ ìkẹyìn mo bi í pé tí oorun bá tún dá lójú rẹ̀ ńkọ́? Ó ń fi ìka kà á: "Màá pe ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní tilẹ̀kùn mọ́rí." Ló bá fa àdìrẹ ọ̀pá méjì yọ nínú ọ̀rá. Mo gbà á, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ká ní owó ni, mi ò ní gbà á.

Tí ara rẹ̀ ò bá tíì yá, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ bá agbaninímọ̀ràn tó máa gbà á lọ́wọ́ yín sọ̀rọ̀ ṣáájú. Tó bá ń sọ pé òun fẹ́ para òun, Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ò jìnnà. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ti fóònù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dágbére: ẹ sọ pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí, àmọ́ kì í ṣe WhatsApp láago méjì òru.