Ṣé kí n ra mọ́nítọ̀ kejì báyìí, àbí kí n dúró de náírà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ń bá àwọn oníṣòwò mẹ́ta tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Àràròmí, ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, ṣe ìṣírò owó wọn. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe é. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọjà, náírà ni wọ́n fi ń tà á, n kò sì lè wo ìwé kan láìjẹ́ pé mo pa èkejì dé. Mo fẹ́ ra mọ́nítọ̀ kan, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tó dá dúró, tí n ó so mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní fáàrí ni, àti pé bí mo bá tilẹ̀ máa rà á, kí n dúró kí náírà gbéra díẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní wọ́n tún lè yí owó padà bíi ti 2023, tí gbogbo ìṣírò mi á fi dàrú. Kí lẹ rí sí i? Arábìnrin kan ní Mọ́kọ́lá.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, arábìnrin wa. Ẹ rà á. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé owó lẹ fẹ́ ná, ẹni tó sì fẹ́ náwó yẹ kó tètè mọ ibi tí ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn dúró sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náírà àti dọ́là tí ẹ mẹ́nu bà wúwo ju ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ lọ lójú tèmi, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ jù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ́fíìsì kéékèèké n'Ìbàdàn, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìwé owó. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló ń pe mọ́nítọ̀ méjì ní fáàrí. Fún ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ojú kan ti tó irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiyín yàtọ̀. Ẹ wo bí àwọn akọ̀wé owó ṣe ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé: rìsíìtì á wà lápá òsì, ìwé ńlá á wà níwájú, ìka á máa tọ ìlà lórí ọ̀kan, bírò á sì máa kọ ọ́ sórí èkejì. Kò sí akọ̀wé kan tó ń ti rìsíìtì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kó tó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, kó sì tún fà á yọ nítorí nọ́ńbà tó kàn. Ohun tí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ń mú yín ṣe nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ìwé kan dé kí ẹ tó ṣí èkejì, inú orí lẹ ń gbé nọ́ńbà náà sí, inú orí náà sì ni 2,450 ti ń di 2,540. Bí àròpọ̀ méjì tó yẹ kó dọ́gba bá yàtọ̀ síra, tí ẹ sì rí i pé ìyàtọ̀ náà ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, bíi 90 tó wà láàárín nọ́ńbà méjì tí mo kọ yìí, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí nọ́ńbà ti pàrọ̀ ipò. Ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ti bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ojú kan ṣe iṣẹ́ ojú méjì.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ má ra ohunkóhun lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n ilé yín, ẹ fi wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà lọ sójú mìíràn, so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn lẹ́tà kéékèèké lè má mọ́lẹ̀ dáadáa lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ bóyá ìwé méjì tó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ń dín wàhálà yín kù.

Ní ti pé kí ẹ dúró kí náírà gbéra, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n n kò bá wọn gbà á. Kí ó tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, 2023, tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan lọ́nà ìjọba. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 1,500. Mo mọ àwọn tó ní àwọn ń dúró de ìgbà tí á wálẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023 yẹn, owó tó tó ra kọ̀ǹpútà odidi kan wà lọ́wọ́ wọn, kí ọdún sì tó yí po, owó kan náà kò ra ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo bí ọjà tòkunbọ̀ ṣe ń ṣe ní Queen Cinema àti Ìwó Road. Bí dọ́là bá gun òkè, owó ọjà á gùn tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Bí dọ́là bá wálẹ̀, ẹni tó ti fi owó gọbọi kó ọjà sínú ṣọ́ọ̀bù kò ní fẹ́ tà á ní àdánù, n kò sì lè bá a wí, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni owó ọjà á máa wálẹ̀. Ẹni tó ń dúró de náírà tún ní láti dúró de oníṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè tìtorí rẹ̀ ní kí ẹ sinmi ni bó bá jẹ́ pé owó elélèé lẹ fẹ́ yá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀rẹ́ yín. Nǹkan mẹ́ta tí kò jọra ni gbogbo wa ń pè ní "wọ́n ti yí owó padà", bí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rù ohun tí kò lè ṣe wá níbi á máa bà wá, a ó sì fojú fo èyí tó ń jẹ wá run.

Ohun tí ojú wa rí ní 2023 jẹ́ pípààrọ̀ bébà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò tún 200, 500 àti 1,000 náírà ṣe, wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, 2023 ṣe òpin ti àtijọ́, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dá a ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná a. Kò sí ará Ìbàdàn tó gbàgbé ìlà tí a tò síwájú báǹkì nígbà yẹn. Síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà kò yé jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Kò sí nọ́ńbà kan nínú ìwé yín tó yẹ kó yí padà nítorí rẹ̀, bí wọ́n bá sì tún ṣe irú rẹ̀ lọ́la, kò ní sí.

Yíyí ìwọ̀n owó padà ló ń yí ìwé padà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 1973 ni a fi pọ́ùn, sílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, tí pọ́ùn kan di náírà méjì, tí sílè mẹ́wàá sì di náírà kan. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí a tún ìwé gbèsè kọ. Títí di òní, bí ẹ bá dé Bódìjà tàbí Ojà'ba, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tó ti dàgbà lójà pé ọjà kan jẹ́ àpò márùn-ún, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n sì ń wí, nítorí pé àpò kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, tó di igba náírà. Ìṣírò tó pé pérépéré ni, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò mọ àpò, tó wá kọ 5 sínú ìwé láìkọ orúkọ owó tì í, ti ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Ní oṣù Kẹjọ, 2007, Báǹkì Àpapọ̀ tún gbèrò láti gé òdo méjì kúrò lára náírà, kí ọgọ́rùn-ún náírà di náírà kan, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ dá a dúró. Bí irú ìyẹn bá wáyé, nígbà náà ni kí ẹ tún ìwé ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ti iye náírà sí dọ́là, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ìkéde kankan. Èyí gan-an ló kàn yín, ó sì lè wà nínú Excel, ètò tí ẹ fi ń ṣe ìṣírò lórí kọ̀ǹpútà, báyìí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Mo dé ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti kọ iye dọ́là kan ṣoṣo sínú àpótí kan lókè ìwé, tí gbogbo ọjà tí wọ́n rà láti ọdún méjì sẹ́yìn sì ń fi nọ́ńbà inú àpótí yẹn ṣe ìsọdipúpọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi iye tòní sí i, ọjà tí wọ́n ti rà, tí wọ́n ti tà, tí wọ́n ti pín èrè rẹ̀, á tún gbówó lórí sí i. Èrè ọdún tó kọjá wá di àdánù, kò sì sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ kan. Ó dùn mí, nítorí ọ̀gá ibẹ̀ ti fi ìbínú lé akọ̀wé rẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ẹ ya òpó kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà, òmíràn fún iye owó náà bó ṣe wà lórí ìwé ọjà, òmíràn fún orúkọ owó, USD tàbí NGN, òmíràn fún iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí òpó ìgbẹ̀yìn wá sọ ọ́ di náírà. Ẹ má padà fọwọ́ kan iye tí ẹ kọ sí ọjọ́ tó ti kọjá. Ohun tí ìlànà ìṣírò owó àgbáyé, IAS 21, ní kí a ṣe náà nìyẹn: iye ọjọ́ tí a ra ọjà la ó kọ, gbèsè dọ́là tí a kò bá sì tíì san la ó fi iye ìparí ọdún tún wò. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yín gba ọjà 2,000 dọ́là láwìn nígbà tí dọ́là jẹ́ 750 náírà. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà ni owó ọjà. Bó bá wá san án nígbà tí dọ́là ti di 1,500, mílíọ̀nù mẹ́ta ló máa jáde lápò rẹ̀. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ tó lé kì í ṣe owó ọjà, àdánù pàṣípààrọ̀ ni, ojú ewé tirẹ̀ ni kó sì wà, kí oníbàárà yín lè rí i pé àwìn dọ́là ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ọjà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì owó. Bí ẹnì kan bá lọ sí Region, ibi tí a ti ń yan ètò orílẹ̀-èdè nínú Windows, tó yí àmì owó kọ̀ǹpútà láti dọ́là sí náírà, gbogbo àpótí Excel tó ń lo àmì tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yàn á yí tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú wọn kò ní yí. Ọjà 2,400 dọ́là á máa jẹ́ 2,400 náírà lójú yín. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ USD tàbí NGN sínú òpó tirẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, nítorí kò sí ètò kankan tó lè yí ọ̀rọ̀ lásán padà.

Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ wá di ìrọ̀rùn. Ẹ wo ara láptọ́ọ̀pù yín bóyá ihò HDMI wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ USB-C, ihò kékeré tí igun rẹ̀ rí roboto, nìkan ló ní, ẹ gbé e lọ sọ́jà kí wọ́n dán an wò níṣojú yín, nítorí kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ VGA, irú ihò àtijọ́, nìkan ló ní. Ohun tí ẹ máa rà nígbà náà ni ohun ìsopọ̀ kékeré tó ń sọ HDMI di VGA. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní èyí tó ń sọ VGA di HDMI, wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú funfun gbalaja hàn yín, lẹ́yìn náà ojú dúdú, kí ẹ lè rí ìlà àti àmì tó bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá so ó tán, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti P pọ̀, kí ẹ yan Extend, èyí tó ń jẹ́ kí ojú kejì gba ìwé tirẹ̀. Duplicate á kàn fi ohun kan náà hàn lójú méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé kò wúlò. Ìwé náírà tí ẹ ń kọ ni kó wà níwájú yín gan-an, kí ìwé ọjà dọ́là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn á máa ro yín.

Iná tó ń jẹ kò pọ̀. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 25. Bí ẹ bá lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì ni. Pẹ̀lú 225 náírà tí wọ́n gbé yúníìtì Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, dé ní oṣù Kẹrin, 2024, náírà 45 ni lójúmọ́ nígbà náà. Ẹ yẹra fún àwọn onígbá gbàǹgbà àtijọ́, wọ́n ń jẹ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù yín á wà láàyè nítorí ó ní bátìrì, mọ́nítọ̀ á kú, nígbà mìíràn ìwé tí ẹ ń kọ á sì há sórí ojú tó ti ṣú náà. Kò sọnù. Ẹ tẹ Windows àti P lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ yan PC screen only, yóò sì padà wá bá yín lórí láptọ́ọ̀pù.