Kẹ̀kẹ́ Ojú Títì Olówó Pọ́ọ́kú: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Rà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ ojú títì, èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Owó ọwọ́ mi kò ká ti àwọn ilé ìtajà kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá kan tó ń ta oríṣiríṣi ọjà ní ẹ̀dínwó ní méjì tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àkọ́kọ́ ní gíà 21 àti bíréèkì onídíìsìkì, ó sì wu ojú. Èkejì ní gíà 16 péré, bíréèkì rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń fún rímù, àwọ̀ rẹ̀ kò sì fani mọ́ra. Inú páálí ni wọ́n máa gbé e fún mi, wọ́n ní kí n tò ó fúnra mi. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé irú èyí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gidi, pé mo kàn fẹ́ fi owó ṣòfò ni. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, èwo ni kí n rà, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

ÌDÁHÙN

Àsọdùn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kì í ṣe kẹ̀kẹ́ gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mò ń ṣe, àwọn kẹ̀kẹ́ tí a rà ní irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ mi déédéé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù tí mo ń bá lára wọn kì í ṣe ti irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n, ti ọwọ́ tó tò wọ́n ni. Ilé ìtajà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń tà máa ń yẹ kẹ̀kẹ́ tuntun wò finnífinní, á fi gíríìsì sí ibi tó gbẹ, á na wáyà, á tún wíìlì tó wọ́ ṣe, kó tó fà á lé oníbàárà lọ́wọ́, owó iṣẹ́ yìí sì wà nínú iye tí wọ́n ń pè é. Ilé ìtajà ẹ̀dínwó ti yọ iṣẹ́ náà kúrò, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà rẹ̀ rọ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ ka iṣẹ́ yẹn mọ́ owó kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ná gbogbo owó yín tán sórí kẹ̀kẹ́ náà; ẹ ya nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, fún akoto, pọ́ǹpù, àti tíúbù kan tàbí méjì tí ẹ ó fi pamọ́.

Kí a tó dé orí gíà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n férémù (egungun kẹ̀kẹ́), nítorí òun ni ohun tí kò sí àtúnṣe fún lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Gíà ṣeé pààrọ̀, ìjókòó àti táyà náà ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n férémù tó gùn jù fún yín yóò máa fa apá àti ẹ̀yìn yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lórí rẹ̀, èyí tó sì kúrú jù yóò ká yín kò títí orúnkún yóò fi máa ro yín. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fara ti ògiri, ẹ fi ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le há àárín itan yín, kí ẹ gbé e sókè bí ẹni tó jókòó lé e lórí, kí ẹnìkan sì wọn láti etí òkè ìwé náà dé ilẹ̀. Ẹ fi 0.67 sọ iye tí ẹ bá rí di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, èsì rẹ̀ yóò sún mọ́ 54, férémù tí wọ́n kọ 54 sí lára ni ẹ ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Atọ́nà lásán ni ìṣirò yìí, nítorí pé irin òkè férémù òde òní sábà máa ń dagẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ṣe yẹ kí ẹ tún wo àtẹ ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà gbé jáde. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan tí wọ́n ti tò sílẹ̀ nínú ìsọ̀, ẹ dúró kí irin òkè rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì: ó yẹ kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ṣẹ́kù láàárín irin náà àti ara yín nígbà tí gìgísẹ̀ yín bá tẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n kan tàbí méjì péré ni irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní. Bí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kí ẹ̀dínwó náà pọ̀ tó.

Iye gíà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Gíà 21 ni mẹ́ta níwájú àti méje lẹ́yìn. 16 ni méjì níwájú àti mẹ́jọ lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú 21 yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà, torí pé gíà àárín níwájú pẹ̀lú ọ̀kan lẹ́yìn lè fún yín ní agbára kan náà tí gíà ńlá iwájú pẹ̀lú òmíràn lẹ́yìn ń fún yín. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni iye eyín tó wà lára gíà tó kéré jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, nítorí àwọn méjèèjì ló máa gbé yín gun òkè. Bí iwájú bá jẹ́ eyín 34 tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 32, wíìlì yóò yí díẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rìn ju mítà méjì lọ díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìyẹn gun òkè tó le láìsọ̀ kalẹ̀. Bí iwájú bá jẹ́ 42 tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 28, ìyípo ẹsẹ̀ kan náà yóò gbé yín kọjá mítà mẹ́ta, itan yín ni yóò sì sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín. Ní ti èyí, àwọn kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí ẹ dárúkọ lè bára dọ́gba, nítorí gíà tó kéré jù nínú mẹ́ta iwájú lára àkọ́kọ́ lè jẹ́ eyín 30.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín wíìlì níbi tí sípóòkù ti pàdé, ló mú kí n yan èkejì láàyò. Gíà méje ẹ̀yìn lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ fíríwíìlì, tí a lọ́ odidi rẹ̀ mọ́ ara họ́ọ̀bù. Nínú irú họ́ọ̀bù yìí, inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gbogbo gíà, ni béárìn ọwọ́ ọ̀tún (àwọn bọ́ọ̀lù irin tó ń jẹ́ kí wíìlì yí geere) wà, ó sì jìnnà sí etí férémù. Ọ̀pá irin tó la àárín họ́ọ̀bù já á wá máa gbé ìwúwo yín níbi tí kò ti sí ohun tó tì í lẹ́yìn, tó bá sì yá, ó lè tẹ̀ tàbí kó tilẹ̀ kán, pàápàá lábẹ́ ẹni tó wúwo tàbí lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń pè ní káséètì, wọ́n ti sún béárìn ọ̀tún síta dé tòsí etí férémù, ọ̀pá náà kò sì rí ààyè tẹ̀. Onígíà mẹ́jọ lẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ káséètì, ṣùgbọ́n fíríwíìlì onígíà mẹ́jọ náà wà lọ́jà, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún béèrè ibi tí ohun tí a fi ń pààrọ̀ gíà wà. Shimano, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan tí ohun èlò rẹ̀ wọ́pọ̀ jù lára irú kẹ̀kẹ́ yìí, ń pe ti onígíà mẹ́jọ ojú títì rẹ̀ ní Claris. Lára rẹ̀, ọwọ́ bíréèkì gan-an ni ẹ ó fi pààrọ̀ gíà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde fún àwọn asáré ní 1990. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ kan tí owó wọn kéré sí i, ẹ ní láti gbé ọwọ́ kan kúrò lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó lè pààrọ̀ gíà, mi ò sì fẹ́ràn ìyẹn fún ẹni tí kò tíì mọ bí kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń mì.

Bíréèkì onídíìsìkì dára, pàápàá nínú òjò, ṣùgbọ́n ní iye owó yìí, wáyà ló sábà máa ń fà á, páàdì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń rìn, kò sì pẹ́ tí yóò fi máa fẹ́ àtúntò. Bíréèkì tó ń fún rímù, tí apá rẹ̀ méjèèjì jọ ń rìn, rọrùn láti tò, bí rọ́bà tó bá a wá bá sì le jù, ohun díẹ̀ lẹ ó fi ra èyí tó dára. Èkejì ni kí ẹ rà, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá bá yín mu.

Ẹ má jẹ́ kí ìwúwo kó ìdààmú bá yín. Bí ẹ bá wọn kìlò 72, tí kẹ̀kẹ́ yín sì wọn 13, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85. Kẹ̀kẹ́ tó fi kìlò mẹ́ta fúyẹ́ jù ú lọ kò yọ tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ohun tí ẹ ń tì gun òkè. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lára rẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀ ni àmì ISO 4210, tó jẹ́ ìlànà àgbáyé fún ààbò kẹ̀kẹ́, àti òpin ìwúwo tó lè gbé.

Ọ̀rọ̀ títò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Èyí tó wọ́pọ̀ tó sì léwu jù nínú ohun tí mo ń rí ni fọ́ọ̀kì, ìyẹn apá méjì tó di wíìlì iwájú mú, tí wọ́n yí sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ náà ṣì máa ń rìn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó tò ó kì í fi í fura, ṣùgbọ́n ìdarí rẹ̀ á dàrú, ẹsẹ̀ yín sì lè kan táyà iwájú nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́rí. Lára kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń fún rímù, ẹ wo bíréèkì iwájú: níwájú fọ́ọ̀kì ló yẹ kó wà, kó kọjú sí ọ̀nà. Bí ó bá kọjú sí orúnkún yín, wọ́n ti yí fọ́ọ̀kì náà sẹ́yìn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni pẹ́dà. Wọ́n kọ L sí ti òsì, wọ́n sì kọ R sí ti ọ̀tún, téèdì wọn (ojú ibi tí a ń lọ́ wọlé) kò sì rí bákan náà: ti òsì, ọwọ́ òsì ni ẹ ó lọ́ ọ sí kó tó wọlé, ìyẹn òdìkejì bóòtù gbogbo. Ẹ fi gíríìsì pa téèdì náà, kí ẹ fi ìka nìkan lọ́ ọ wọlé ní ìlọ́po bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí sípánà tó kàn án. Bí ó bá ń le mọ́ ìka yín lọ́wọ́, ẹ dúró, ẹ yọ ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Apá pẹ́dà tí a fi alumíníọ̀mù ṣe kò lágbára tó irin pẹ́dà, ẹni tó bá fi sípánà fipá tì í á wulẹ̀ gé téèdì inú rẹ̀ dànù ni.

Bóòtù mẹ́rin tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, má ṣe fún ọ̀kan tán kó o tó dé òmíràn ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Iye agbára tó ń fẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ Nm 5 (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń fún bóòtù), wà lára irin náà. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn: bí ohun kan bá ń kọ́ gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, béárìn ibẹ̀ ti tú. Ọwọ́ irin kékeré tó ń ti wíìlì mọ́ férémù, ẹ kì í yí i bí nọ́ọ̀tù; títì la máa ń tì í pa, kó bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tó bá dé àárín, kó sì fi ojú sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín bó bá padé. Rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ kan rímù nìkan. Bí ó bá ń ra táyà, yóò gé e láàárín ìgbà díẹ̀.

Ohun tó kù, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni mo kà á sí: béárìn họ́ọ̀bù tí wọ́n fún jù, sípóòkù tí kò le dọ́gba, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ṣéènì láti gíà kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ní bóòtù méjì tó ń pààlà fún un. Bí wọn kò bá tò wọ́n dáadáa, ṣéènì lè fò kọjá gíà tó tóbi jù bọ́ sáàárín sípóòkù nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, wíìlì ẹ̀yìn yóò sì dúró gbọnin lójijì. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá oníṣẹ́ kí ẹ tó gùn ún jìnnà, kódà bó bá dà bíi pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn bíi kìlómítà 100 sí 200, torí pé wáyà tuntun máa ń dẹ̀, sípóòkù máa ń jókòó, bóòtù apá pẹ́dà sì lè tú. Bí ẹ bá gbọ́ tí apá pẹ́dà òsì ń dún kọ́kọ́ ní gbogbo ìyípo, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ, ihò onígun mẹ́rin inú rẹ̀ yóò jẹ gbòòrò, títún un fún kò sì ní mú un mọ́.

Ní ti táyà, iye atẹ́gùn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fẹ́ ẹ dé. Bí férémù bá gba táyà mìlímítà 28, òun ni kí ẹ lò dípò 25, ara yóò tù yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tún ní owó lẹ́yìn oṣù díẹ̀, táyà tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rà, nítorí kò sí ohun mìíràn tí owó díẹ̀ lè rà tí ẹ ó tètè mọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti páálí náà títí àkókò ìdápadà yóò fi kọjá. Nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sábà máa ń wà lábẹ́ férémù, níbi tí apá pẹ́dà méjèèjì ti pàdé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ ó fi mọ̀ bí tiyín bá wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ ní kí a dá padà, òun náà ni ẹ ó sì fi jẹ́rìí bí olè bá gbé e. Bí ẹ bá sì tú páálí tí ẹ rí i pé ìwọ̀n férémù kì í ṣe èyí tí ẹ béèrè, tàbí pé fíríwíìlì ni wọ́n gbé fún yín dípò káséètì, ẹ dá a padà kí ẹ tó gùn ún rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kì í gba èyí tí táyà rẹ̀ bá ti kan títì.