Kí ẹ tó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi dókítà kún un

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní dókítà ẹbí méjì ló wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèèyàn fi ń dúró kó tó rí wọn, àti pé bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù, fóònù wọn kì í wọlé mọ́. Ẹ wá ń bèèrè bí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláìsàn ṣe máa kọ lẹ́tà kí ìjọba lè fi dókítà kẹta kún wọn. Mo máa dé orí lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ṣé ó ń gùn sí i ni, àbí ibi tó wà lọ́dún tó kọjá náà ló ṣì wà?

Bí àwọn tó ń wá bá pọ̀ ju àyè tó wà lọ lójoojúmọ́, ńṣe ni ìdúró á máa gùn sí i: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di márùn-ún, ó di mẹ́sàn-án. Bó bá ti lé lọ́dún kan tó ṣì wà lójú kan, ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Yálà iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó jẹ́ pé gbèsè àjẹsílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti kó jọ sínú ìwé látẹ̀yìn wá, ni gbogbo yín ń san, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ń lé àwọn kan padà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Èyí kejì yìí làwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá dé, iye èèyàn tí dókítà rí ni wọ́n máa ń bèèrè. Ẹni tó pe fóònù títí tó fi sú u, kò sí nínú ìwé wọn rárá.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ìsinmi ìjọba kankan kò bọ́ sí, kí wọ́n fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Kí wọ́n fa ìlà kan fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè, ẹni tó rí àyè àtẹni tí kò rí, kí wọ́n kọ ọjọ́ náà, dókítà tó fẹ́ rí, àti bóyá nọ́ọ̀sì lè bá a yanjú ọ̀rọ̀ náà. Láràárọ̀, ní aago kan náà, kí wọ́n wo àyè kẹta tó ṣófo nínú ìwé, kí wọ́n ka iye ọjọ́ tó kù kó tó kàn án. Ẹ má ka ti àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun ò wá mọ́ ni.

Gbèsè yẹn gan-an ni wàhálà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń jáwọ́. Ẹ jẹ́ ká ní 50 èèyàn làwọn méjèèjì ń rí lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn 750 ló wà nínú ìwé nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni gbèsè. Ẹni tí dókítà fúnra rẹ̀ ní kó padà wá lọ́jọ́ báyìí, ẹ yọ ọ́. Ká ní wọ́n jẹ́ 250. Ó ku 500. Kí nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé jókòó ti orúkọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rí ẹni tó gba ọjọ́ méjì torí kò dá èyí àkọ́kọ́ lójú, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ẹni tó jẹ́ pé oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ nìkan ló fẹ́ gbà. Bí 140 bá jáde, ó ku 360. Kí dókítà kọ̀ọ̀kan wá rí èèyàn mẹ́rin lé sí i lójúmọ́: 40 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló máa gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí sára ògiri. Bí kò bá ní òpin, á sú àwọn òṣìṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta. Láàárín ìgbà náà, kí dókítà méjèèjì má gba ìsinmi pa pọ̀, kí wọ́n má sì dá ọjọ́ Mọ́ńdè fún ẹni tó ń padà wá, torí Mọ́ńdè ni àìsàn òpin ọ̀sẹ̀ máa ń ya dé.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣẹ òkè o. Ní England, ètò ìlera tí ìjọba gbé jáde ní 2000 ní kí gbogbo èèyàn lè rí dókítà ẹbí láàárín wákàtí 48 kó tó di 2004. Kí iye náà lè pé, àwọn ilé ìwòsàn kan kò dá ọjọ́ tó bá ju ọjọ́ méjì lọ fún èèyàn mọ́. Ẹni tí dókítà ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò rí ọjọ́ gbà! Orí tẹlifíṣọ̀n, nígbà ìpolongo ìbò 2005, ni Tony Blair, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ti gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìlú, ẹnu sì yà á.

Eré ìje aago mẹ́jọ náà, ẹni tára rẹ̀ le ló máa ń jẹ ẹ́. Julian Tudor Hart, dókítà ẹbí ní Wales, ti kọ ọ́ láti 1971 pé ibi tí wọ́n ti nílò ìtọ́jú jù lọ ni ìtọ́jú tó dára kì í ti í tó. Kí wọ́n pín àyè sí ìgbà méjì, àárọ̀ àti ọ̀sán. Ẹni tó ń gbé fóònù kò gbọ́dọ̀ bèèrè pé “Ṣé pàjáwìrì ni?”, gbogbo èèyàn ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kó bèèrè ohun tó ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n lẹ àwọn tí kì í dúró de ọjọ́ kankan mọ́ ògiri níwájú rẹ̀: àyà dídùn, èémí tí kò já gaara, ojú tàbí apá tó rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, aláboyún tó ń rí ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C. Ọ̀dọ̀ pàjáwìrì ni kí wọ́n gbà lọ tààrà.

Ìtọ́jú tí kò péye náà ń jẹ àyè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí apá rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, wọ́n á fi ọ̀já tó kéré ju apá rẹ̀ lọ wé e. Iye tó máa jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì níbi tó bá ọkàn dọ́gba, kó dákẹ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ti èsì àyẹ̀wò náà, “bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó dáa nìyẹn” ti kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Ìwé lè sọ nù láti lábù. Kí wọ́n fún aláìsàn ní ọjọ́ tó máa pè.

Kí orúkọ dókítà kan wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gbìyànjú láti dá ẹni náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Norway, ìwádìí 2022 tó wo èèyàn mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ rí i pé láàárín àwọn tó ti wà lọ́dọ̀ dókítà ẹbí kan náà fún ohun tó lé ní ọdún 15, ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn tó ṣì wà ní ọdún kìíní.

Ó ku lẹ́tà yín. Ojú ìwé kan tó, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má kọ ìtàn ìyà sínú rẹ̀. Ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ méjì yẹn há a láàárín. Bó bá jẹ́ 70 ló ń bèèrè lójúmọ́ tí àyè sì jẹ́ 50, 20 tó ṣẹ́ kù yẹn súnmọ́ iṣẹ́ odindi dókítà kan, ẹ bèèrè fún un. Bó bá jẹ́ 54 sí 50, nọ́ọ̀sì kan tó ń wo àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa tó, ẹ sì máa tètè rí i gbà ju dókítà lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà méjèèjì fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, torí èyí tí aláìsàn nìkan bá kọ, fáìlì ẹ̀sùn ni wọ́n máa ń jù ú sí.