Kí ló ń mú kí àgbàlagbà ṣì máa fi eyín gé èékánná?

Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ o. Ọwọ́ tó dilẹ̀ lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbínú tí ènìyàn pa mọ́ra. Àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan pé pérépéré náà wà níbẹ̀: ọwọ́ á kan ibi tó rí págunpàgun létí èékánná, eyín á ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ara á wá fúyẹ́ díẹ̀, ìfúyẹ́ yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di bárakú. Láti kékeré ló sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ti dé ẹnu, ìdí nìyẹn tí ìbáwí kì í fi í ràn án. Ní 1973, Azrin àti Nunn, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, dábàá pé kí ẹ máa kíyè sí ìgbà tó bá ń wù yín, kí ẹ sì di ẹ̀ṣẹ́ títí yóò fi kọjá.