Kòkòrò tó ń jẹ gáàsì inú sọ́kàwéè: ṣé ká gbára lé e?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sọ́kàwéè ilé wa n'Íbàdàn ti kún, a sì ti bá àwọn agbépòó sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wá ń ta ìyẹ̀fun kan fún wa. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ gáàsì mẹ́tééènì ló wà nínú rẹ̀, pé tí a bá dà á sínú ihò lálẹ́, gáàsì á ti tán kílẹ̀ tó mọ́. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á nítorí ìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ mẹ́tééènì wà lóòótọ́, iṣẹ́ wọn sì máa ń wú mi lórí gan-an, àmọ́ kò sí èyí tó lè mú ewu kúrò nínú sọ́kàwéè láàárín òru kan.

Afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ ihò yẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn kòkòrò tó ń mú mẹ́tééènì jáde lára ìgbẹ́ fẹ́ràn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò lè ṣe é láìsí ọ́síjìn. Ẹ dà wọ́n síbẹ̀, ebi ni yóò pa wọ́n.

Oríṣi mìíràn ò nílò afẹ́fẹ́. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Radboud, ní ilẹ̀ Netherlands, ṣàlàyé bí ọ̀kan lára wọn, tí wọ́n ń pè ní Methylomirabilis oxyfera, ṣe ń ṣe tirẹ̀. Náítíráìtì inú omi, ìyẹn èròjà tó ní náítírójìn àti ọ́síjìn nínú, ló ń tú palẹ̀, tó ń fi ṣe ọ́síjìn fúnra rẹ̀, ọ́síjìn yẹn ló sì fi ń jẹ mẹ́tééènì. Náítírójìn lásán, irú èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ló ń tú jáde. Níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú, èyí dára púpọ̀: owó ni wọ́n sábà máa ń fi ra mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tí àwọn kòkòrò míì máa ń jẹ, láti lé náítírójìn kúrò nínú omi, bẹ́ẹ̀ mẹ́tééènì tó ti yòrò sínú omi náà lè ṣe iṣẹ́ yẹn dípò kó fò lọ máa mú ayé gbóná.

Ṣùgbọ́n wọn kì í tètè pọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ọ̀kan tó di méjì. Ẹ̀wẹ̀, amóníà, èròjà náítírójìn tó ń ti ara ìtọ̀ wá, ló pọ̀ nínú sọ́kàwéè. Kí ó tó di náítíráìtì, ó nílò ọ́síjìn tí kò sí níbẹ̀.

Mẹ́tééènì nìkan kọ́ ló sì wà nínú ihò. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó bá sì pọ̀, imú ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́ kó tó pààyàn.

Nítorí náà, ẹ rí i pé páìpù tó ń gbé gáàsì jáde kò dí, kó sì ga ju òrùlé lọ. Tí wọ́n bá ṣí ìdérí, ẹ má jẹ́ kí iná tàbí sìgá sún mọ́ ibẹ̀, torí mẹ́tééènì tó bá tó ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lè bú gbàù. Òkè ni kí wọ́n dúró sí fi ẹ̀rọ fa ẹ̀gbin náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú ihò. Tẹ́nì kan bá sì já sínú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé e wọlé láìsí ẹ̀rọ ìmí. Ẹ pe panápaná.