Ṣé Idà Ìlọrin Ló Gbé Ìsìláàmù Dé Ọ̀yọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ní Ọ̀yọ́ fẹ́ tẹ ìwé ìtàn kékeré jáde. Ẹni tí a gbé iṣẹ́ náà fún sọ pé ọdún 1804 ni jíháàdì (ogun ẹ̀sìn) láti Ìlọrin fi idà gbé Ìsìláàmù wọ Ọ̀yọ́, àti pé ọdún náà ni kí a kọ sí ara ògiri. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má ṣe kọ ọdún yẹn sí ara ògiri kankan. Ọdún 1804 ni Usman dan Fodio, àlùfáà Fúlàní, bẹ̀rẹ̀ jíháàdì rẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀yọ́ tí ẹ ń gbé lónìí kò sì tíì di olú-ìlú nígbà náà, nítorí lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́, tú ni Aláàfin Àtìbà wá fi Àgọ́-Ọ̀jà ṣe ibùjókòó ọba, ní nǹkan bí ọdún 1837.

Ọ̀rọ̀ idà yìí ni ó ń dùn mí jù, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, ó sì ń sọ àwọn baba ńlá wa di ẹni tí a fi tipá mú. Àwọn Ìmàle ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé kí Ìlọrin tó ní Ẹ́míà, ọba Ìmàle. Lára wọn ni àwọn ẹrú Haúsá tí wọ́n ń fárí, tí wọ́n ń hun okùn, tí wọ́n sì ń da màlúù fún àwọn ọlọ́lá. Ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀: Ṣólágbérú, olórí àwọn Ìmàle Òkè Súnà ní Ìlọrin, ọmọ Yorùbá ni. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1817, òun tí kì í ṣe Ìmàle ni ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti Ṣólágbérú. Ìjà agbára ni. Àwọn tí ó pè ni wọ́n padà pa á, Abdul Salam ọmọ Àlímì sì tún pa Ṣólágbérú. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n ṣe yọ idà, kí ni wọ́n fi pa Ìmàle ẹlẹgbẹ́ wọn?

N kò sọ pé ogun kò sí o. Aláàfin Olúewu kú lójú ogun tí ó bá Ìlọrin jà, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú. Ṣùgbọ́n ilé-kéwú ni ẹ̀sìn ti ń ran ìran dé ìran: ọmọdé gbé wàláà, pátákó ìkọ̀wé, lé itan, ó ka hàntú, ọ̀rọ̀ kéwú tí a kọ sí i, títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí, kí àlùfáà tó ní kí ó fọ̀ ọ́ nù láti kọ òmíràn.

Ní ti mọ́ṣáláṣí yín, ọdún tí ó wà lára òkúta ìpìlẹ̀ lè jẹ́ ọdún tí wọ́n tún ilé kọ́, kì í ṣe ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà nípa ìmáàmù àkọ́kọ́, agbo-ilé tí ó ti wá, àti Aláàfin tí ó wà lórí oyè nígbà náà. Ẹ ya àwòrán àwọn ìwé kéwú àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹbí. Bí agbo-ilé méjì bá ń sọ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ méjèèjì. “Ní ayé Aláàfin báyìí” sàn ju ọdún tí a fi ẹnu dá lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdáhùn yìí lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí oyè ìmáàmù. N kò rí ìwé yín kankan. Ní ti ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún, kí ó fi ibi tí ó ti rí 1804 hàn yín kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀.